Ẹja Gbígbẹ Ọjọ́ Sátidé

Òórùn ẹja gbígbẹ ni àárọ̀ Sátidé máa ń ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mummy á mú mi wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich, ní London níbí, a á ra ẹja ní Powis Street, lẹ́yìn náà la tó máa gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin kan, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onírun. A ò nílò ẹja. Fíríìsà wa ti kún débi pé tipátipá la fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mummy kàn fẹ́ kí ẹni tó bá rí wa nínú bọ́ọ̀sì rò pé ọjà la lọ ni. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì gbé àpò náà lé mi lórí itan.

Lẹ́tà kan péré ló gbé wa débẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ọmọbìnrin kan bíi tèmi ní kíláàsì mi pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mummy sì rí i nínú báàgì mi. Wọn ò lù mí. Wọ́n mọ àwọn òbí tó gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi pàṣán lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe irú ẹ̀ láéláé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n gbà gbọ́. Ti ọkùnrin yẹn wà lára ògiri nínú férémù, Mummy sì kà á látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. "Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ò ní pa ọ́ lára," ni wọ́n sọ fún mi.

Ọkùnrin náà ò pariwo rí. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó ní kí n máa fà á kó ta mí nígbàkígbà tí ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Mo fà á títí ọrùn ọwọ́ mi fi wú. Mummy fi ìpara pa á, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó ṣì ń dùn mí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo parọ́ pé ìfẹ́ náà ti kúrò lọ́kàn mi, Mummy sì sunkún ayọ̀.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa báyìí. Iṣẹ́ ọkùnrin yẹn lèmi náà kọ́, ẹgbẹ́ wa sì ti kà á léèwọ̀ fún wa láti ṣe ohun tó ṣe fún mi. Ní ti ìjọba, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí òfin tó máa fòpin sí i. Ìlérí ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu ewú, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi láti ìhà Harrow Manorway ní Thamesmead. Òórùn ẹja ló ṣáájú wọn wọlé, kí ìyá náà tó lanu ni mo ti mọ̀ pé ohun tó gbé èmi lọ sí Woolwich ló gbé wọn wá. Ó wo ìwé ẹ̀rí mi lára ògiri. "Auntie, ẹ bá mi tún un ṣe," ló wí. "Ẹ ṣáà ní láísẹ́ǹsì."

Mo sọ fún un pé láísẹ́ǹsì yẹn gan-an ló ní kí n má ṣe é. Ó bínú dìde, ó ní òun á wá ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé ó máa rí i, torí òfin ò tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ fún ọmọ náà ní Yorùbá, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́: "Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́."

 Ọmọ náà gba àpò ẹja lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń sunkún, torí èmi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń fa rọ́bà nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni, láti ẹnu èmi fúnra mi.