Ohun Tí Ọmọ-Ọmọ Mi Bi Mí Lórí Fóònù

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ-ọmọ mi nígbà tí mo mú un sunkún. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, èdè òyìnbó nìkan ló sì gbọ́. Èmi, èdè Ègùn ni wọ́n fi tọ́ mi ní abúlé Gbaji, Yorùbá ni mo sì fi ń ta òróró àgbọn tí mo ń sè. Mo lè ka òyìnbó díẹ̀ lára páálí oògùn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ẹnu sọ ọ́, ó ti sáré kọjá kí n tó dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀.

Ní gbogbo Sọ́ńdè, ọmọ mi obìnrin a pè mí, a sì gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ náà ni mo máa ń wò lórí fóònù. Bó bá rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́, mo máa ń sọ pé, “Yẹ́sì, yẹ́sì.” Ojú máa ń tì mí, ṣùgbọ́n kí ni ǹ bá ṣe?

Lọ́jọ́ kan, ó bi mí ní ìbéèrè kúkúrú, ó sì ń dúró.

“Yẹ́sì,” ni mo wí.

Ó tún bi mí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Mo ní, “Yẹ́sì!” tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé e.

“Ìyá mi, kí lẹ sọ fún un?”

“Yẹ́sì ni mo sọ.”

“Háà! Ó ní ṣé ẹ ń bínú sí òun ni, tí ẹ kì í fi í bá òun sọ̀rọ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wá sídìí fóònù mọ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé kíláàsì òyìnbó àwọn àgbàlagbà ní Aradagun. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Otto ló ń kọ́ wa. Á fi fóònù rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó jáde, á ní ká kọ ohun tí a gbọ́. Bíríkìlà kan tó jókòó tì mí á máa kọ, ìwé tèmi á funfun.

“Màmá, ẹ má lé gbogbo ọ̀rọ̀,” ni tíṣà wí. “Ẹ di ìwọ̀nba tí ẹ bá gbọ́ mú, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù kọjá.”

“Tíṣà, gbogbo rẹ̀ náà ló ń kọjá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí n má padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ sá gbà? Ọmọ yẹn kò ní rí ẹni bá sọ Ègùn níbi tó wà. Mo ní kí tíṣà fi àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù mi, mo sì ń gbọ́ wọn nídìí iná títí òróró fi jóná lọ́jọ́ kan.

Òjò ọdún náà ti ń parí lọ nígbà tí mo bẹ ọmọ mi pé kó pe ọmọ rẹ̀ wá sídìí fóònù. Ó wá, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ gbólóhùn tí tíṣà kọ́ mi, pé kó jọ̀ọ́, kó máa rọra sọ̀rọ̀ fún mi. Ó wò mí, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì yára sọ nǹkan kan.

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ó ní, “Màmá àgbà kì í gbọ́ nǹkan kan.”

Òyìnbó àkọ́kọ́ tó wọ etí mi pérépéré nìyẹn. Inú mi dùn, ó sì dùn mí wọra. Mo fi òyìnbó sọ fún un pé mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ó fi eyín rẹ̀ tó ń mì hàn mí, ó sì rọra ṣàlàyé. Mo gbọ́ eyín, mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀. Ìyókù kọjá.

Mo ṣì ń lọ sí Aradagun. Ọmọ náà ń dàgbà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń yára sí i ju bí etí mi ṣe ń là lọ. Nígbà míràn a máa ń jókòó sídìí fóònù, a kàn ń wo ara wa.