Iná Tó Ń Tàn, Tí Kò Pa Kòkòrò

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà ò gbà á gbọ́, àfìgbà tí inú mi fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Mo rántí ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Àgùdà. Bí omi bá ti inú asẹ́ jáde, á gba inú ọ̀pá irin kan kọjá, níbi tí iná kan tó dà bí aró ti ń tàn nínú gíláàsì, tó ń pa kòkòrò tójú kì í rí. Mo fẹ́ràn iná yẹn ju bó ti yẹ lọ. Àràárọ̀ ni mo ń yọjú wò ó lójú ihò kékeré. Bí mo bá ti rí i pé ó ń tàn, iṣẹ́ òòjọ́ mi ti parí nìyẹn. Ta ló ń pààrọ̀ gílóòbù tí kò tíì kú? Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, bí iná bá ń ṣẹ́jú, a ó gbá a létí, á sì tún ràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé àyẹ̀wò tá a máa ń gbé omi lọ pè wá pé kòkòrò àrùn wà nínú omi wa. Àyà ẹ̀gbọ́n mi já. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la kó àpò omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan nítòsí, nítorí eré ìdíje tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì.

Mo ní, "Irọ́ ni wọ́n ń pa. Iná wa ń tàn!" Mo já ọ̀rá omi kan lójú rẹ̀, mo mu ún kanlẹ̀.

"Orí ẹ ti dàrú. Pe ẹnjiníà, jàre."

Lórí fóònù, ẹnjiníà tó bá wa to ẹ̀rọ náà béèrè ìgbà tí mo pààrọ̀ iná gbẹ̀yìn.

"Pààrọ̀ kẹ̀? Ṣó kú ni?"

"Ha, ọ̀gá mi! Èyí tójú yín ń rí kọ́ ló ń pa kòkòrò o. Èyí tó ń pa á, ojú kì í rí i, òun ló sì ń kọ́kọ́ lọ bó bá ti ń gbó. Ẹ pa iná náà, kẹ́ ẹ yọ gíláàsì tó bò ó wò."

Mo yọ ọ́. Ó ti ṣú bàìbàì, bí ojú arúgbó tí nǹkan bò. Òkété dàgbà tán, ó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀. Iná tèmi dàgbà tán, ó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọge. Lónìí témi náà ń wá awò ojú kí n tó lè kàwé, mi ò bú u mọ́.

A sáré dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ kọrin bí wọ́n ti ń yan lórí pápá, òógùn bò wọ́n, tíṣà kan sì ti bẹ̀rẹ̀ síbi àpò omi, ó fẹ́ tú u.

Ẹ̀gbọ́n mi kígbe, "Tíṣà, ẹ fi sílẹ̀!"

Ọ̀gá àgbà wọn jáde. "Ẹ ti rí ẹni tó máa san ju owó wa lọ, àbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Omi yìí ò dáa. Ṣé ẹnì kankan ti mu ún?"

"Kò sẹ́ni tó tíì mu ún."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ẹnì kan mu ún."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, à ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń sáré lórí pápá. Èmi náà ń sáré, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tún padà, mo tún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi iyọ̀ àti ṣúgà wá, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá oníná," ó ní, "ṣé ó ṣì ń tàn níbẹ̀?"