Ọwọ́ Kan Ń Bọ́ Ọmọ, Ọ̀kan Ń Nù Ún

Mo rántí ọdún tí àkọ́bí mi ń kọ́ oúnjẹ jẹ, tí èmi náà ń kọ́ ọmọ títọ́, tí kò sì sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nínú àwa méjèèjì. Iléeṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé wa kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń béèrè ibi tí òun lè fẹsẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn ìyìn yẹn púpọ̀. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ kò mọ ìyìn bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ bọ́ ọ, n óò tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, n óò so tówẹ̀lì mọ́ ọn lọ́rùn, n óò wá mú ṣíbí sọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà tútù sọ́wọ́ òsì. Bí ẹ̀kọ bá kán sí i létè, mo ti nù ún. Bó bá nawọ́ sí abọ́, mo ti gbá ọwọ́ náà mú, mo ti nù ún. Kó tó gbé ṣíbí márùn-ún mì, mo ti nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tó yá, kò lanu mọ́. Ọmú nìkan ló ń mu, ó sì ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ wo ìwọ̀n rẹ̀, ó wo aṣọ funfun báláú tí mo wọ̀ fún un, ó ní, "Màmá, ọmọ yín mọ́ o. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń jẹun?" Ojú tì mí gan-an.

Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ nìyẹn. Yèyé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n wá láti Oǹdó, wọ́n ní ọmọ tó bá lẹ̀ mọ́ ọmú bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ló ń gbà á lẹ́nu ọmú, nítorí ọmọ kì í gbàgbé ọmú níbi tó ti ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àwọn fẹ́ mú un lọ sí Oǹdó. Mo ki tówẹ̀lì mẹ́jọ sínú báàgì rẹ̀. Yèyé kà wọ́n, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé òjò ń rọ̀ nínú ilé wa l'Óǹdó ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì náà gùn. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, ilé sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: kí ọmọ má gbàgbé mi.

Lọ́jọ́ tó pé, mo wọ takisí lọ sí Oǹdó, èmi ọlọ́gbọ́n, nínú bùbá funfun. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá wọn. Ọmọ mi jókòó sórí ẹní ní ìhòòhò, abọ́ ẹ̀bẹ iṣu wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, epo pupa dé etí, ó dé irun, ó dé ìdodo. Adìẹ méjì ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ó ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti kún. Mo pè é, mo nawọ́ sí i. Ọwọ́ mi ló wò, kò wo ojú mi. Ó panu dé, ó yíjú kúrò, ó sì sá mọ́ Yèyé lára.

Mo bú sẹ́kún lójú àwọn adìẹ. Yèyé jẹ́ kí n sunkún díẹ̀.

"Kò gbàgbé rẹ o," wọ́n ní. "Àwọn àgbà ní ká fi ọ̀tún na ọmọ, ká fi òsì fà á mọ́ra. Ìwọ ń fi ọ̀tún bọ́ ọ, o ń fi òsì nù ún. Àkísà ló ń wá lọ́wọ́ rẹ. Jókòó."

"Yèyé, aṣọ mi funfun."

"Mo rí i. Jókòó."

Mo jókòó. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, mi ò fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó bu ẹ̀bẹ ẹ̀kúnwọ́, ó rọra rìn wá, ó sì tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sí mi láyà. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, bóyá ìyẹ́ adìẹ pàápàá. Mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló tó gun itan mi.

Mi ò tíì dìde tí ọkọ mi fi pè lórí fóònù, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ dá mi mọ̀. Kí n tó rí ohun tí n óò sọ, Yèyé ti gba fóònù. "Dá a mọ̀ kẹ̀? Bó ṣe rí i báyìí ló sáré lọ dì mọ́ ọn. Àwa la wá ń fà á já."

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Ọkọ mi kò yé sọ ìtàn náà fún àlejò, pé ọmọ kì í gbàgbé ìyá, pé ọmọ tòun sáré bá ìyá rẹ̀ l'Óǹdó. Yèyé ti darúgbó. Wọ́n ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, wọ́n ń gbàgbé bóyá àwọn ti jẹun. Àmọ́ bí ọkọ mi bá kọjú sí wọn, tó ní, "Àbí irọ́ ni mo pa, Yèyé?", wọn kì í wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

"Ó sáré ni," wọ́n á ní. "Ojú mi báyìí ló ṣe."