Orin Tó Ń Dún Bí Ẹ̀rọ Màmá Mi

Àwa mẹ́ta péré là ń gbọ́ mẹ́tàlì ní gbogbo Ẹdẹ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn wà, ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta la jẹ́wọ́ fún ara wa. Ẹni tí kò bá mọ mẹ́tàlì, kó má dààmú: orin ni, àwọn tó ń kọ ọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Gìtá á máa han bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn ré páànù, ìlù á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ọkùnrin kan á wá máa bú ramúramù láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun láìnídìí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á balẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, kíláàsì kẹta, ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú orin bẹ́ẹ̀ fi bá mi lára mu, kó wá bá mi dúró níwájú wọn fún ọjọ́ kan.

Ẹnìkejì wa jẹ́ télọ̀ tó ń rán agbádá fún àwọn àáfà. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni. Orin tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará Norway tí wọ́n ń kun ojú wọn ní funfun, tí wọ́n sì ń ké bí ẹni tí òtútù fẹ́ pa. Ó ní òtútù inú orin náà ló ń ran òun lọ́wọ́ nínú oṣù kẹta, nígbà tí iná bá lọ tí fáànù sì dúró. Ọjọ́ tí mo gbé aṣọ Iléyá mi lọ fún un ni mo gbọ́ tí orin ń jò jáde láti inú íyápíìsì rẹ̀. Mo dárúkọ àwọn tó kọ ọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́, aṣọ mi kò sì bá ọdún.

Ẹnìkẹta wa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Awo. Bùọ̀dá là ń pè é, nítorí ó ju àwa méjèèjì lọ, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Òun fẹ́ràn mẹ́tàlì tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí ìlù kan á dún, tí o lè lọ pọn omi dé kí èkejì tó dún. Orin kan ṣoṣo lè gba ìdajì wákàtí. Bí ó bá parí, Bùọ̀dá á nu ojú rẹ̀, á ní ìyẹn ni èyí tó kúrú.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù tí gbogbo wa ti ń fi èyí tí a fẹ́ràn ránṣẹ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ láti Jos, àwọn kan láti Port Harcourt. Ọ̀kan wà ní Èkó tó gbà pé orin tí ènìyàn tó gbọ́ ọ bá ti lé ní ogún kì í ṣe orin mọ́. Fi ohunkóhun ránṣẹ́, á ní òun ti gbọ́ ọ nígbà tí àwọn tó kọ ọ́ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di gìtá mú. Ọlọ́run nìkan ló mọ orin tí ọkùnrin yẹn gan-an fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n mẹ́tàlì inú íyápíìsì dà bí ọbẹ̀ tí ènìyàn ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ilé kejì. A fẹ́ ibi tí a ti lè jẹ́ kó dún. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Onílé Bùọ̀dá kì í fẹ́ kí ayálégbé húkọ́. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni ilé ẹ̀rọ màmá mi.

Ọ̀nà Sekona ni ilé ẹ̀rọ náà wà. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti Alajue, kò sí ohun tí màmá mi kì í lọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti dúró ti ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀rọ náà sì jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Dókítà ní ohùn tín-ín-rín ni irú etí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń pàdánù, ohun tó ti lọ ti lọ, kí wọ́n ṣáà jìnnà sí ariwo. Nígbà tí mo fi ọwọ́ júwe ọ̀rọ̀ náà fún màmá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn bi dókítà bóyá òun ló fẹ́ máa wá lọ ata àwọn oníbàárà.

Láti kékeré ni ohùn mi ti tín-ín-rín. Bí mo bá pariwo títí tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, màmá mi á mi orí, wọ́n á dáhùn ìbéèrè tí n kò bi wọ́n. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: wá jẹun, mo ń lọ, ó dàárọ̀. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ dáadáa fi ẹ̀dùn ọkàn náà ṣe: mo sọ fún àwọn méjèèjì pé a ti rí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ wa.

Ní ọ̀sán Sátidé, bí ẹ̀rọ bá ti ń bú, tí àwọn obìnrin ti tò pẹ̀lú abọ́ wọn, àwa mẹ́ta á wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, láàárín àwọn àpò àti garawa dísẹ́ẹ̀lì. Òfin wa ni pé oníkálukú á mú orin kan wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí, lẹ́yìn náà a gbọdọ̀ sọ òótọ́. Òfin kejì ni pé màmá mi kò gbọdọ̀ mọ̀. Ìyá Àdínì ni wọ́n nínú àsàláátù wọn, aṣọ àwọn àáfà àsàláátù kan náà ni télọ̀ ń rán. Bí wọ́n bá lé wa níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò sí ibòmíràn.

Bùọ̀dá ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ra sípíkà ńlá kan, ó sì ń bínú pé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí òun gbádùn rẹ̀.

"Gìtá ni mo ra sípíkà yìí láti gbọ́," ó ní. "Kì í ṣe ata."

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday kan, màmá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìwó. Ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ ní Sunday, wọ́n ti da tapólì bò ó. Lẹ́yìn ìsìn, Bùọ̀dá gbé sípíkà dé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ìjọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Télọ̀ ló kàn. Ó fi orin tuntun kan sí i, èyí tí onílù rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá láìsinmi: tùkùtùkùtùkùtùkù. Ó dùn débi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ojú, a ń mi orí sókè sódò.

Ohun tí n kò rántí, èmi tí wọ́n bí sínú ilé ẹ̀rọ, ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ní àdúgbò wa bóyá ilé ẹ̀rọ ti ṣí. Bí ẹ̀rọ bá ti ń dún, oníkálukú á gbé abọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, ìyá alákàrà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wà tí wọ́n ti bó. Obìnrin mẹ́fà tò sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ata, níwájú ẹ̀rọ tí tapólì bò.

"Ẹ̀rọ dà?" ìyá alákàrà bi mí.

"Kò sí ẹ̀rọ, mà. Orin ni."

Wọ́n wo sípíkà náà títí. Wọ́n wá wo télọ̀, ẹni tó rán agbádá ọkọ wọn. "Ẹ̀yin náà wà níbí?"

Télọ̀ ní òun wá wọ̀n mí fún aṣọ ni. Kò mú téèpù kankan lọ́wọ́. Bùọ̀dá, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ láìbẹ̀rù, ti lọ lóṣòó sẹ́yìn garawa dísẹ́ẹ̀lì, ó sì tóbi ju garawa lọ.

Àwọn obìnrin náà kò gbà láti gbé abọ́ wọn padà sílé. Bùọ̀dá yí ẹ̀rọ náà títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, èmi ni mo lọ ẹ̀wà. Ata ni mo kọ́kọ́ lọ̀, n kò sì fọ ẹ̀rọ dáadáa. Mo gbọ́ pé àkàrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pupa, ó sì ń ta lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí nìyẹn tí ìyá alákàrà fi wá bá màmá mi ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ kò dé etí màmá mi, ni ìyá alákàrà bá fi ara ṣe é. Wọ́n la ẹnu gbàgà, wọ́n ń mi orí títí gèlè wọn fi ṣí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń wò wọ́n. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti rí tó ń ṣe mẹ́tàlì, àwọn ló ṣe é dáadáa jù.

Màmá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn fi ìka mẹ́ta hàn mí, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀: kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a jókòó níwájú wọn bí olè. Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan.

"Ẹ tan nǹkan náà," màmá mi ní.

Orin Bùọ̀dá, èyí tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ló wà nínú fóònù. Gìtá han, ìlù dún lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú láti ìsàlẹ̀ ikùn. Màmá mi gbé ọwọ́ lé sípíkà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n fi etí sí i.

"Ta ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Télọ̀ tọ́ka sí Bùọ̀dá, Bùọ̀dá tọ́ka sí fóònù.

"Mo ń gbọ́ ọ," wọ́n ní. "Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gbọ́ ọ, bí mo bá pa ẹ̀rọ láti da epo sí i. N kò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi òun. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú. Mo ti ń fi àdúà sí i láti ọjọ́ yìí."

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí. Nítorí kí n lè gbọ́ orin, mo fi màmá mi sílẹ̀ kí wọ́n máa dá bẹ̀rù ara wọn láti Sátidé dé Sátidé.

Wọ́n kọjú sí Bùọ̀dá. "Ohùn yẹn, ṣé wọ́n ń kọ́ ọ ni?"

Bùọ̀dá fi ọwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti ń wá.

"Ẹ kọ́ ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí kò bá mi sọ̀rọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bùọ̀dá fi kọ́ mi, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti rò pé òun lọ́lá jù mí lọ tẹ́lẹ̀. Mo húkọ́, mo mu omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ohùn mi kọ́kọ́ jọ ti ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ó jọ ti ewúrẹ́ tó ṣàìsàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbà pé mo fẹ́ kú, wọ́n sì hùwà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní òwúrọ̀ Monday kan, màmá mi kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń ká tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Mo kó gbogbo èémí mi jọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, mo sì bú jáde: "Ẹ káàárọ̀, mà."

Màmá mi kò wẹ̀yìn. Wọ́n ká tapólì náà tán, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," wọ́n ní. "O ò jíire bí?"