Ìkọ́ Tírélà Tí Dádì Kẹ́mi Fún Wa

Òórùn gírísì ni. Bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kọjá, tó sì fẹ́ sí mi nímú, mi kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ́. Mo ti padà sí Kettering ní Maryland nìyẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, láàárọ̀ Sátidé, mo dúró lẹ́nu gáráàjì wa pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, bàbá mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Láti inú ilé ni òórùn kejì ti ń bọ̀: omi ata ilẹ̀ tí ìyá mi ń sè, nítorí òun nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà lọ́dún náà. Títí dòní, mi ò lè gbóòórùn ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà níbí, ilé tiyín náà kò ní ṣàì ní Dádì Kẹ́mi tirẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tá a ti Ìbàdàn dé, yàrá ìsàlẹ̀ ilé Dádì Kẹ́mi ní Lanham la sì kọ́kọ́ gbé. Kì í ṣe ẹbí wa. Ọmọ ìjọ wa ni, ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju bàbá mi lọ, Kẹ́mi sì ni àkọ́bí rẹ̀. Òun ló wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú, òun ló kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ níbí, òun ló ń gbé ìyá mi lọ gbé e bọ̀ títí tó fi yege nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n" ni bàbá mi máa ń pè é. Á sì dọ̀bálẹ̀ kí i nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ọkọ̀, lójú àwọn ọmọ tá a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ìtìjú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé girama kan. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó wọn ọ̀nà àbáwọlé wa, ó wọn fìríìjì, lẹ́ẹ̀kan ó wọn orí mi kó tó ra fìlà òtútù. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò wọn nǹkan kan. Wákàtí méjìlá ló ń lò lórí ìdúró lọ́sibítù, bó bá sì délé, á bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó tì wá níbi tí èmi àti bàbá mi ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ìdáhùn tèmi bá tọ̀nà, á ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀." Bí ti bàbá mi bá tọ̀nà, ohun kan náà ló máa sọ.

Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ ara ìyá mi, tí oògùn sì ti gba gbogbo irun orí rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Àgbádárìgì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìró òkun ló máa ń jí i ní kékeré. Ó ní látìgbà tóun ti dé Maryland, iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun dé etí òkun rí, bẹ́ẹ̀ kò ju ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ lọ. "Kí n ṣáà jí gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan," ló wí. Dókítà ní ó lè lọ, àmọ́ kó lọ kí òtútù tó dé.

Kò lè jókòó pẹ́, òórùn oúnjẹ ẹlòmíràn ń mú kí èébì gbé e, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bó bá ń bì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ni bàbá mi bá lọ ra ilé kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, ilé ìtọ̀ wà. Ìyá mi sọ ọ́ ní "ilé onítáyà". Ó wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì ní òun ti rílé kọ́ sétí òkun. Ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ náà wà létí mi.

Irú ilé yìí kì í so mọ́ ìdí ọkọ̀ bíi tírélà kékeré. Imú rẹ̀ gígùn ló máa ń gorí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, á sì jókòó sórí ìkọ́ irin ńlá kan tí wọ́n dè mọ́ ibẹ̀, bí ẹ̀yìn tírélà ṣe ń jókòó sórí orí rẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn. Píkọ́ọ̀pù tiwa wá kúrú lẹ́yìn, torí bàbá mi fẹ́ èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin kí gbogbo wa lè wọ̀ ọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìkọ́ náà ló ṣàlàyé fún wa. Ó to páálí bàtà méjì síwájú wa, ó gbé imú ọ̀kan lé èkejì, ó sì yí ti iwájú. Igun ti ẹ̀yìn lọ gbá orí ti iwájú, níbi tí awakọ̀ máa ń jókòó sí. Ó ní ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kò níṣòro yìí, àyè wà níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn kúkúrú ní láti lo ìkọ́ tó ń sún: bí èèyàn bá fẹ́ yí kọ́nà tó há, á dúró, á fa irin kan, ìkọ́ á sún sẹ́yìn, ilé á jìnnà sí gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Èyí tó dúró sójú kan kò dáa fún un.

Inú bàbá mi dùn, torí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ó fi mí ṣe akọ̀wé iṣẹ́ náà. Mo di ìdí téèpù mú, ó fa orí rẹ̀, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì ìbú ilé onítáyà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Láti ibi tí ìkọ́ máa wà dé gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ jẹ́ mẹ́ta àti díẹ̀: àyè kò tó. Mo ka ìwé tí wọ́n fún wa ní ṣọ́ọ̀bù náà sókè fún un, ó sì ní kí n fàlà sí ìdí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀yìn kúkúrú, ìkọ́ tó ń sún. A fẹnu kò pé Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ rà á.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Sátidé náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì Kẹ́mi ń júwe ibi tí ìjọ ti máa ṣeré ìta gbangba. Ó ṣi ọgbà kan pè mọ́ òmíràn, mo sì kígbe láti ìjókòó mi pé ibẹ̀ kọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀, bàbá mi kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ní, "Tóyìn, a kì í já àgbà kulẹ̀ láwùjọ. Tó bá tiẹ̀ ṣìnà ọ̀rọ̀, panu mọ́." Ìyá mi fi ojú bá mi wí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, a ti fẹ́ jáde nígbà tí Dádì Kẹ́mi wọlé pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ tó gùn gbọọrọ. Ìkọ́ irin dúdú kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló fi ń fa tírélà nígbà tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù, ó ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó sì gbọ́ pé a ń wá ìkọ́. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ ra nǹkan kan nígbà tí òun wà láyé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Ìyá mi gbé omi àti ṣinṣíìnì jáde, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ìkọ́ náà kì í sún. Èmi rí i, bàbá mi rí i.

Bàbá mi họrí. Ó ní wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ti kúrú jù. Dádì Kẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ten years ni mo fi lo this one, gíláàsì mi ò là rí. Wọ́n kàn fẹ́ ta ọjà fún ẹ ni. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i." Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀yìn tirẹ̀ gùn.

Bàbá mi wá kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ rí bákan, bí ojú ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo tó ń wá ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí. "Akọ̀wé," ló wí, "kí ni ìwé wí?"

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ìlà tí mo fà wà níbẹ̀. Ọwọ́ Dádì Kẹ́mi sì wà lórí mi, ó gbóná, ó ń rùn fún ọṣẹ. Mo rántí ọjọ́ Ìsinmi. Mo fẹ́ kí bàbá mi rí i pé mo ti gbẹ̀kọ́.

"Ó máa ṣe é, sà," ni mo wí.

Bàbá mi ní, "Ó dáa," ó sì lọ gbé àwọn irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì la gbéra. Ìyá mi wé gèlè aláwọ̀ ìyeyè, ó dùbúlẹ̀ síjòókòó ẹ̀yìn, ó gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, bàbá mi nìkan ló wà níwájú. Ọ̀nà gbòòrò náà dáa, kò sí kọ́nà tó há, bàbá mi tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. A kò tíì dé orí afárá ńlá tó lọ sọ́nà òkun nígbà tó yà sílé epo kan kí ìyá mi lè lọ dùbúlẹ̀ dáadáa nínú ilé onítáyà. Nígbà tó sinmi tán tó padà sọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ kan ti dí ibi tá a fẹ́ gbà jáde. Bàbá mi dúró. Ó wo ẹ̀yìn. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ìró náà kò tiẹ̀ pọ̀. Mo kàn gbọ́ kẹ́kẹ́, gíláàsì ẹ̀yìn sì wọ́ lulẹ̀ lé wa lórí bíi yìnyín.

Kò sẹ́ni tó ṣèṣe gidi. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá ìyá mi, díẹ̀ lọ́rùn mi. Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn, ó ń ṣa gíláàsì kúrò lára gèlè ìyá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lè wojú rẹ̀. Igun ilé onítáyà ti ya. Ìyá mi wo ọ̀nà tó lọ sí òkun, ó ní kò burú, a máa tún lọ. Àmọ́ kí wọ́n tó tún gíláàsì náà ṣe, wọ́n ti dá a dúró lọ́sibítù. Kò jáde níbẹ̀ mọ́. Yìnyín kò tíì bọ́ lọ́dún náà tá a fi sin ín.

Mo jẹ́wọ́ fún un kó tó lọ. Mo fẹnu sí etí rẹ̀, mo ní mo mọ ohun tí ìwé wí. "Èmi náà mọ̀," ló wí. "Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti gbọ́ ẹ tó o ń kà á fún bàbá ẹ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la panu mọ́, Tóyìn. Má dá a gbé." Mo dá a gbé ṣáá. Àwọn àgbà ní gbogbo ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Mo ti di òbí kí n tó mọ ohun tí bàbá mi ń bi mí lọ́jọ́ náà. Kò nílò kí n ka ìwé fún un, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà àbáyọ ló ń wá. Òun kò lè kọ ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ka ohun tó wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó rí àgbà fín: ìwé ló sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á jáde, èmi sì rò pé ìdánwò ìwà ló ń ṣe fún mi.

Bàbá mi sọ fún Dádì Kẹ́mi pé òkúta ló fọ́ gíláàsì. Ó ta ilé onítáyà. Ìkọ́ náà ló kù, ní kọ̀rọ̀ gáráàjì, lọ́dọọdún ló sì ń fi gírísì pa á lára. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì lèmi náà báyìí. Lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń sọ fún dókítà tó dàgbà ju bàbá mi lọ pé oògùn yìí kọ́, ohùn mi kì í sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, bàbá mi ń ta píkọ́ọ̀pù náà fún ọ̀dọ́kùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ra ilé onítáyà tirẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ méjì. Mo wá kí wọn láti Mitchellville tí mò ń gbé. Dádì Kẹ́mi wà lórí àga lẹ́nu gáráàjì, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà rí ìkọ́, ó béèrè bóyá òun lè mú un lọ. "Mú un," Dádì Kẹ́mi wí. "Ten years ni mo fi lò ó."

Bàbá mi wò mí. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ kìíní yẹn ni. Mo tún di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Dádì Kẹ́mi.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Ìwé ní kò ṣe é fún ẹ̀yìn kúkúrú. Èyí tó ń sún ni kí wọ́n lò."

Ó wo ìkọ́ náà, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mi orí.

"Bí ìwé bá ti wí bẹ́ẹ̀," ló wí, "kí wọ́n lọ ra èyí tó ń sún." Ó sì ní kí n bá òun bu omi wá.

Bàbá mi ti kọjú sí ògiri. Mo wọlé lọ bu omi náà, mo dúró ti síǹkì ìyá mi, mo jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà lọ. Dádì Kẹ́mi kò bínú. Kò bá mi rojọ́ kankan. Ohun tí ì bá sọ lọ́jọ́ kìíní náà nìyẹn, ká ní mo ka ìwé náà sókè.