Láwàlì àti Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ará Ewékorò

Ọdún kọkànlá rèé tí Láwàlì ti ń fọ ìgò, tí ó ń nu tábìlì ní ilé ìwádìí oògùn kan ní yunifásítì, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Ìtòkú ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyẹn kò ní kí Dókítà Herbert Olúbọ̀dé, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, má máa pè é ní "ìwọ". Dókítà yìí ti dé òkè òkun, ó sì kó ohun gbogbo bọ̀ níbẹ̀ àfi ìwà.

Ohun tí dókítà ń wá ni bí oògùn ibà ṣe ń ti inú ikùn wọ ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn á gbé oògùn mì ní òwúrọ̀ láì tíì jẹun, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀rọ á sì sọ iye oògùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní òun fẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Láwàlì ló lọ bẹ ọkùnrin mẹ́jọ tó ń fọ́ òkúta ní Ewékorò, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn dé inú ẹ̀rọ, oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Dókítà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Láwàlì, o da ẹ̀jẹ̀ nù, o wá bomi la èyí tó kù."

"Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Àbí èmi ni mo ṣe é? Wọ́n ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá tún rí báyìí, wá ibòmíràn gbálẹ̀ sí, òpùrọ́."

Gbogbo ilé ìwádìí ló gbọ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ Láwàlì kó rí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta orúkọ rere.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ewékorò, ó sì sùn sílé àna rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó rí Mọ́nsúrù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà, tó ń rún orógbó.

"Mọ́nsúrù, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í jẹun kí ẹ tó wá?"

"Bọ̀dá, ìgbà wo ni orógbó di oúnjẹ? Ẹni tí kò bá rún un láàárọ̀, ikọ́ eruku òkúta ló máa bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Gbogbo wa la ń rún un."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún dókítà?"

"Ṣé ó bi wá ni? Ẹni tí kì í dáhùn ẹ kú àárọ̀."

Láwàlì ròyìn fún dókítà pé bóyá orógbó ló ń dí oògùn lọ́nà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Afọgò ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́."

Láwàlì lọ bẹ àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n fi orógbó sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá, ọjọ́ kan péré. Wọ́n fi í sílẹ̀, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì bá ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dọ́gba. Dókítà ní ẹ̀rí nìyẹn pé Láwàlì ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà na ìwé kan sí Láwàlì pé kó buwọ́ lù ú. Lydia tó ń bá dókítà tẹ̀wé ló bá a kà á.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ gbà pé ẹ ṣe àṣìṣe, àwọn sì ti dárí jì yín."

"Àṣìṣe wo?"

Láwàlì dá ìwé náà padà sórí tábìlì, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a dáadáa, ó sì jáde. Àwọn mẹ́jọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Bọ̀dá, níbo?" Mọ́nsúrù ni.

"Ilé. Wọ́n ní mo jẹ̀bi."

Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà sáré sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, a kò tíì fa ẹ̀jẹ̀ yín."

"Fa tìrẹ," ni Mọ́nsúrù wí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Wọn kò tíì dé géètì tí Lydia fi sáré bá wọn pẹ̀lú ìwé mìíràn. Dókítà fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kọ ọ́: Láwàlì kò ṣẹ̀, àìmọ̀ òun dókítà ni. Láwàlì ní kó tún un kà sókè kí àwọn mẹ́jọ náà lè gbọ́. Ó fi ìwé náà sápò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lydia, ó sì ń bá ọ̀nà Ìtòkú lọ.