Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Wọn Agbára Àlàmú

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàmú. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Orégùn ló ti ń dí òrùlé tó ń jò nígbà tó já bọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Láti àyà lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ilé iṣẹ́ ní kó máa lọ sílé. Àwọn ará ilé ní kó máa sinmi. Ó sinmi títí, ó sú u. Ishaq, wẹ́dà kan ní Àgége, wá fi àjákù básíkùlù jó kẹ̀kẹ́ kan pọ̀ fún un, ọwọ́ ló sì fi ń yí i. Lásìkò tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú, Àlàmú nìkan ni kì í lọ tò nílé epo ládùúgbò wọn.

Olúwayẹ́misí, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti eegun lọ́sìbítù, ni wọ́n ní kó yan àwọn tó máa fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sáré ìje. Ó mú Àlàmú lọ sí pápá kan ní Ìkẹjà.

"Bùọ̀dá Àlàmú, mo fẹ́ mọ ibi tí agbára yín dé. Ẹ máa yí pápá yìí ká. Tí kò bá tíì rẹ̀ yín, ẹ má dúró."

Àtìgbà tó ti ṣubú, ibi tó ń dùn ún ni gbogbo dókítà ń bi í. Inú rẹ̀ dùn pé agbára ni Olúwayẹ́misí béèrè, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe paréèdì, kí gbogbo èèyàn kúrò. Olúwayẹ́misí ń bẹ̀ wọ́n. Àlàmú yẹ ara rẹ̀ wò: kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹnu géètì jáde, ó kọjú sí ọ̀nà Àgége.

Dópèmú ni Olúwayẹ́misí ti fi ọ̀kadà bá a, níwájú ilé kan. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó gbóná janjan, kò sì sí òógùn níbẹ̀ rárá, torí ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́ kì í làágùn dáadáa. Ó sáré da omi tútù sí i lára.

"Ṣé ó ti wá rẹ̀ yín báyìí?"

"Rárá o, Dókítà. Ilé mi nìyí."

Hassanat ìyàwó rẹ̀ gbé àga jáde. Olúwayẹ́misí ló jókòó sí i, òun ló rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní pápá mìíràn tí àwọn sójà ò mọ̀, pẹ̀lú garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó wá, kò sẹ́ni tó pẹ́ tó Àlàmú lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n mú un lọ síbi ìje, ó sì gba ipò kẹta. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ni bàtà ìsáré. Ó dúpẹ́, ó gbà á. Òun ló máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ́ọ̀, ìsàlẹ̀ bàtà náà ò sì tíì jẹ rárá.